Nídìí Pákí Ni Mo Ti Fi Ẹgbẹ́ Sílẹ̀

Mo rántí ọ̀sẹ̀ tí mo pinnu láti kúrò nínú ẹgbẹ́ jàǹdùkú tí a fi ń da Èjìgbò láàmú. Mo rò pé kéèyàn kàn sọ pé òun ò ṣe mọ́ ti tó. Mo lọ bá télọ̀ àdúgbò pé kó gbà mí síṣẹ́. Ó ní ẹ̀rọ òun ti bàjẹ́. Ẹ̀rọ náà sì ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́. Ní mọ́ṣáláṣí, àwọn tó kírun lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń fọwọ́ tẹ àpò wọn wò. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ nìkan ni inú wọn ń dùn tí wọ́n bá rí mi. Ọ̀gá wa sì ti kìlọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ jáde, òkú rẹ̀ ni wọ́n máa gbé jáde. Lọ́jọ́ kẹta, ó ti ń ṣe mí bíi kí n padà.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tó ti Àbíjáǹ dé, ló dá mi dúró. Àtíékè ló ń ṣe tà, oúnjẹ tí wọ́n ń fi pákí rírin sè lọ́hùn-ún. Ó so épírọ́ọ̀nù olódòdó mọ́ mi nídìí, ó ní, "Aago méje ni o ó máa dé. Tí o bá pẹ́, èmi fúnra mi ni màá wá mú ọ nílé." Ó wá lọ kàn sí lèmọ́mù àti télọ̀ pé kí wọ́n má sá fún mi mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọ̀gá wa kó ọmọ ẹgbẹ́ méjì dé. Ọ̀bẹ tí mo fi ń bẹ pákí já bọ́ lọ́wọ́ mi.

"Bọ́njúù!" ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí mò ń pè ní màmá, fi èdè Faransé kí wọn. "Kí lẹ wá ṣe?"

"Ọmọ yín la wá mú, mà."

"Ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹ jókòó, ẹ bá a bẹ pákí, kó lè tètè parí."

Lèmọ́mù tó rí wọn bí wọ́n ṣe ń bọ̀ ti gbé àga jáde, ó jókòó tì mí. Télọ̀ náà dé pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì, ó ní òun kàn wá kí wa ni. Àwọn ìyá ilé kejì tò sẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀gá wa wo ojú gbogbo àgbà yìí, ó jókòó, ó bẹ pákí. Pákí kẹta ló ń bẹ tó fi gé ara rẹ̀ lọ́wọ́. Bí màmá ṣe ń fi àkísà dì í, ọ̀gá wa yọ́ ọ̀rọ̀ sọ fún mi pé, "Má padà wá mọ́, jọ̀ọ́. Ìyá yìí le jù."

Àwọn èèyàn máa ń yìn mí lónìí pé mo láyà. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò lè dìde nílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Àwọn tó jókòó tì mí ló láyà.