Orúkọ Tí Ìyá Mi Kò Mọ̀

Òórùn kẹ́ǹkẹ́ ló máa ń jí mi. Ìyàwó onílé wa kì í dúró kí ilẹ̀ mọ́ tán kó tó gbé ìkòkò ńlá rẹ̀ ka iná lẹ́yìn ilé, èéfín igi á sì gba ojú fèrèsé wọlé pẹ̀lú òórùn àgbàdo kíkan. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn yẹn, ara mi á kọ́kọ́ le gan-an kí n tó rántí pé oúnjẹ ni. Òórùn náà wà níbẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ tí omi gbé mi lọ. Òjò ti ṣú, ìyá mi sì ń wo ojú ọ̀run bí ẹni ń wo oníbàárà tí kò tíì pinnu ohun tó fẹ́ rà.

Dansoman ní Accra là ń gbé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ JSS ni, èyí tí àwọn bàbá wa ṣì ń pè ní míìdù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba ti yí orúkọ rẹ̀ padà kí àwa tó débẹ̀. Ẹ̀yin tí a jọ wà nígbà náà, ẹ ó rántí yunifọ́ọ̀mù aláwọ̀ ilẹ̀ àti yẹ́lò yẹn, ẹ ó sì rántí pé wọn kì í jẹ́ kí ọmọbìnrin dirun lọ síléèwé. Láti kékeré ni ìyá mi ti ń di irun mi fúnra rẹ̀, ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Àìkú. Síṣọ́ọ̀sì tó fi ń gé ríbọ́ọ̀nù ní ìsọ̀ ló fi gé e. Nígbà tó gé e tán, ó gbá irun náà jọ, ó wá ní, "Irun á tún hù. Jẹ́ kí ìwé náà ráyè wọlé." Nígbà tí mo dé iléèwé, ńṣe ni gbogbo wa jọra bí ẹyin inú apẹ̀rẹ̀ kan.

Ìyá mi gba ti irun, àmọ́ kò gbà kí n fi ìkúnlẹ̀ sílẹ̀. Bọ́tìnnì, òwú àti síìpù ló ń tà fún àwọn aránṣọ, ní ìlà kan nínú ọjà tó jẹ́ pé àwọn obìnrin Yorùbá wa ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn tí ará Accra ń pè ní Alata. Ìyá mi ní ìlú àwọn ìyá wa làwọn ti kó ìkúnlẹ̀ wá, kò sì sí aṣọ́bodè tó gbà á lọ́wọ́ àwọn. "Eékún méjèèjì," á máa wí. "Ẹni tó bá fi eékún kan kúnlẹ̀, ohun tó já bọ́ ló ń wá." Mo ń kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, mo ń kúnlẹ̀ kí bàbá mi nígbàkigbà tó bá ti ibi iṣẹ́ dé láti Tema. Kódà ìyàwó onílé tó kọ́kọ́ ń fi mí rẹ́rìn-ín wá di ẹni tó ń dúró de ìkúnlẹ̀ mi kó tó ṣí ìkòkò.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí tíṣà wa níléèwé, Madam wo ilẹ̀ yíká ẹsẹ̀ mi, ó ní, "Kí ló já bọ́ lọ́wọ́ rẹ?" Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ló ti di eré wọn. "Alata, kúnlẹ̀ ká rí ọ!" Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe jù ni ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Akosua. Á fi ọwọ́ òsì ká aṣọ mọ́ itan, á kọ́kọ́ gbé eékún ọ̀tún kalẹ̀, tòsì á tẹ̀ lé e, á wá tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀. Èmi ò mọ̀ pé mo máa ń tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ títí mo fi rí i lára rẹ̀. Mo sunkún lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Nígbà tó yá, ẹ̀rín ń pa mí, torí pé ó jọ mí jù. Bí a ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn.

Akosua ló bi mí pé ọjọ́ wo ni wọ́n bí mi. Nílé, Àṣàkẹ́ ni mò ń jẹ́. Orúkọ mùsùlùmí ló wà nínú ìwé tíṣà. Àwọn ọmọ kíláàsì kò ka èyíkéyìí sí. Ní tiwọn, ẹni tí kò bá ní orúkọ ọjọ́ dà bí ẹni tí wọn kò tíì bí tán. Mi ò mọ ọjọ́ náà, mo wá lọ béèrè ní ìsọ̀.

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni," ni ìyá mi wí. "Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Kò sí nǹkan, Màámi."

"Àbí wọ́n ti ń ta ọjọ́ níléèwé ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí oníbàárà rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo di Abena, orúkọ tí wọ́n ń sọ ọmọbìnrin tí wọ́n bá bí ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé. Kì í ṣe pé mo fi pamọ́. Kò kàn jọ ohun tó yẹ kí wọ́n gbọ́ ni. Mo máa ń wo Abena bí ẹni ń wo aládùúgbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé, mo fẹ́ mọ ohun tó máa ṣe. Abena ń wo àgbà lójú bó bá ń sọ̀rọ̀. Ó mọ eré ampe, ó ń fò, ó ń pàtẹ́wọ́, ó sì ń jiyàn pé òun kọ́ ló pàdánù. Ojú títì ńlá ni wọ́n ní kí Àṣàkẹ́ máa gbà lọ sí ìsọ̀ ìyá rẹ̀ lẹ́yìn iléèwé. Ẹ̀yìn ọgbà àwọn mẹkáníìkì ni Abena ń gbà, níbi tí wọ́n na pákó sórí gọ́tà ńlá, torí pé bí òjò bá rọ̀, omi máa ń gbé nǹkan kọjá níbẹ̀: bàtà ẹsẹ̀ kan, bọ́ọ̀lù, nígbà kan àga ìjókòó tó nàró bí ẹni pé ẹni tó ni ín ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde. Èmi àti Akosua á dúró, a ó máa sọ ilé tó ti wá.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, òjò rọ̀ títí wọ́n fi jẹ́ ká jáde. Nígbà tó dá díẹ̀, a gba ẹ̀yìn ọgbà. Omi ti kún dé abẹ́ pákó, ó pọ́n bíi tíì oníwàrà. Abọ́ rọ́bà pupa kan ń bọ̀, ó ń yí po, nǹkan kan wà nínú rẹ̀. Akosua ní adìyẹ ni. Mo ní aṣọ ni. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wò ó dáadáa, pákó náà sì yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi.

Mi ò mọ ohun tó wà nínú abọ́ yẹn títí di òní.

Ohun tí mo rántí kò pọ̀, mi ò sì fẹ́ fi àsọdùn kún un. Mo rántí ìtọ́wò ọ́ìlì ọkọ̀ lẹ́nu mi. Mo rántí pé kò sí ariwo kankan nínú omi. Mẹkáníìkì kan ló gbá bẹ́líìtì yunifọ́ọ̀mù mi mú kí omi tó wọ́ mi wọ abẹ́ títì. Wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan nítòsí. Nọ́ọ̀sì bi mí lórúkọ, àmọ́ omi ni mò ń wúkọ́ jáde. Akosua ló dá a lóhùn pé Abena ni. Nọ́ọ̀sì ní omi wà láyà mi, wọ́n máa gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, kí ẹnì kan sáré pe ìyá mi kí ọkọ̀ tó dé.

Ẹnu ìyá mi àti Akosua ni mo ti gbọ́ ìyókù, wọ́n sì sọ ọ́ bákan náà. Akosua kò mọ ìsọ̀ wa. Ohun tó mọ̀ ni pé Alata ni ìyá mi, pé bọ́tìnnì ló ń tà. Ó sáré wọ ìlà àwọn oníbọ́tìnnì, ó ń ké nínú òjò, "Abena maame wɔ he? Níbo ni ìyá Abena wà?" Ó dé iwájú ìyá mi gan-an.

"Ẹ jọ̀ọ́, Abena ṣubú sómi. Ṣé ẹ̀yin lẹ ni ín?"

"Rárá, ọmọ mi. Èmi kò ní Abena."

"Wọ́n ní Alata ni ìyá rẹ̀."

Ìyá mi mi orí. "Alata kì í jẹ́ Abena. Wọ́n ṣì ọ́ darí. Irú aṣọ wo ló wọ̀?"

"Yunifọ́ọ̀mù bíi tèmi. Irun rẹ̀ náà rí báyìí."

Obìnrin tó wà ní ìsọ̀ kejì dá sí i pé, "Èwo nínú wa ló máa sọmọ ní Abena? Àfi ẹni tó bá lọ bá ará Kumasi sùn!" Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín. Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín, àánú ọmọ náà ń ṣe é. Ó fún un ní ọ̀rá kan kó fi bo orí, ó kígbe sí ìlà pé, "Ẹ bá ọmọ yìí wá ìyá Abena o!" Ó wá gbàdúrà, "Ọlọ́run má jẹ́ kí ìyá rẹ̀ sunkún ọmọ." Wọ́n ṣe àmí. Ó tún wo ojú títì, ó ní Àṣàkẹ́ òun á ti yà sábẹ́ òrùlé kan, ọmọ tó gbọ́n ni.

Akosua lọ dé ìparí ìlà. Kò sí ẹni tó dá a lóhùn. Ó padà wá pẹ̀lú ẹkún, ó dúró sí àárín ọ̀nà, ó ní, "Abena ni! Abena tó máa ń ṣe báyìí!" Ó fi ọwọ́ òsì ká aṣọ mọ́ itan. Ó gbé eékún ọ̀tún kalẹ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀, tòsì tẹ̀ lé e. Ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀.

Ìyá mi ní ìyá òun gan-an lòun rí tó kúnlẹ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀ yẹn. Kò bo ọjà. Wọ́n ní bọ́tìnnì ń yí kiri nínú àgbàrá bí ìyá mi ṣe ń sáré lọ láìwọ bàtà.

Ọkọ̀ ti dé nígbà tó wọlé. Ó pè mí, "Àṣàkẹ́!" Mo dá a lóhùn: "Màámi, ẹ káàbọ̀." Mo ń gbìyànjú láti dìde kúnlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó fi ọwọ́ tẹ̀ mí padà.

"Dùbúlẹ̀," ó ní. "Mo ti rí i."

Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí n padà sílé, mò ń retí ẹgba. Kò nà mí. "Omi ló dànù, agbè ò fọ́," lohun tó ń sọ fún gbogbo ẹni tó wá kí wa. Ṣùgbọ́n ohun kan yí padà lára rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá dé láti iléèwé, á bi mí pé ṣé mo jẹun, ṣé mo kàwé. Báyìí, á máa tú òwú tó ta kókó, kò ní wò mí, á kàn ní, "Abena ńkọ́? Kí ló ṣe lónìí?" Ohun tí Àṣàkẹ́ kò lè sọ, ó rọrùn fún Abena láti sọ. Ìgbà kan ló ní òwe àwọn àgbà kò tán síbẹ̀: lóòótọ́, ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ, àmọ́ ìta náà ń sọmọ lórúkọ, kì í sì í wá béèrè nílé.

Mi ò mọ̀ bóyá gbogbo ọmọ ló rí bẹ́ẹ̀. Èmi kì í ṣe olùkọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nìkan ni mo mọ̀. Ashaiman ni mò ń gbé báyìí. Bí òjò bá ṣú, mo máa ń ti ṣọ́ọ̀bù kó tó kán, n kì í gba orí pákó kankan kọjá, ì báà ṣe gbígbẹ. Ọmọbìnrin mi wọ kíláàsì tí mo wà nígbà náà lọ́dún yìí. Mo bi í pé kí ni wọ́n ń pè é níléèwé. "Kò sí nǹkan, Mọ́mì," ló wí. Mo mọ "kò sí nǹkan" yẹn, ẹnu èmi náà ti sọ ọ́ rí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òjò ṣú, mo lọ dúró dè é lẹ́nu géètì. Wọ́n ń jáde, gbogbo wọn jọra. Ẹnì kan kígbe, "Shito!" bí ẹni ń pe ata dúdú tí a fi ń jẹ kẹ́ǹkẹ́, ọmọ mi sì yíjú padà, ó ń rẹ́rìn-ín irú ẹ̀rín tí n kò rí nílé rí. Mo fi orúkọ náà sínú. A rìn díẹ̀, mo wá ní, "Shito ńkọ́? Kí ló ṣe lónìí?"

Ó dúró. Ó wò mí títí, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà kò sì tán nígbà tí a dé etí gọ́tà. Omi ti ń kọjá níbẹ̀, ó ń gbé nǹkan lọ. Nígbà kan, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mọ ohun tó wà nínú abọ́ pupa. Lọ́tẹ̀ yìí, n kò wo omi. Mo di ọwọ́ ọmọ mi mú gírígírí, mo tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo ní, "Lẹ́yìn náà ńkọ́?"