Ìyá Ọdún-Ò-Tíì-Dé

Bí ẹ bá bi àwọn aládùúgbò wa léèrè ìyá mi nígbà náà, kì í ṣe orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ ni wọ́n máa pè é. "Ìyá Ọdún-Ò-Tíì-Dé lẹ ń bèèrè," ni wọ́n máa wí, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín. Alágbàfọ̀ ni ìyá mi. Yàrá iwájú ilé wa ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: tábìlì ìlọṣọ gbọọrọ kan tí a fi pákó há lẹ́sẹ̀ kó má baà máa mì, okùn tí hánga kún láti ògiri dé ògiri, àti áyọ́ọ̀nù mẹ́ta. Èyí tó wúwo jù nínú wọn, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án àfi òun. Kì í pariwo. Ṣùgbọ́n bó bá ti sọ pé rárá, kí o yáa lọ wá nǹkan mìíràn ṣe.

Bàámi ń se oúnjẹ nínú ọkọ̀ òkun akẹ́rù. Á lo oṣù mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá lórí omi, á wá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré nílé. Ọkọ̀ akẹ́rù kò sì mọ ọdún. Ọjọ́ ọdún tí gbogbo ayé ń wọ aṣọ tuntun, tí wọ́n ń pa adìẹ, bàbá mi kò bá wa ṣe é rí ní gbogbo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó fi ṣiṣẹ́ náà. Ọ̀rọ̀ yìí kò le rárá lójú ìyá mi. Ó ní ilé tí kò pé kì í ṣọdún. Ọjọ́ tí ọkọ òun bá wọlé, ọjọ́ náà ni ọdún.

Ẹ wá wo ohun tí èyí sọ àwa ọmọ dà. Lọ́jọ́ ọdún gan-an, tí àwọn ẹgbẹ́ wa ń yan kiri nínú bàtà tó ń dún kọ̀-kọ̀-kọ̀, aṣọ ilé ló wà lọ́rùn èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Aṣọ ọdún tiwa wà nínú àpótí, Màámi ti lọ̀ ọ́ tán, ó fi ìwé ìròyìn sáàárín rẹ̀ kó má baà rún. Adìẹ wa ń jẹ̀ kiri ẹ̀yìnkùlé, kò mọ̀ pé ọkọ̀ òkun ló dá ẹ̀mí òun sí.

"Màámi, gbogbo èèyàn ti ń ṣọdún o."

"Kí wọ́n máa ṣe é. Tiwa ò tíì dé."

"Ìgbà wo ló máa dé?"

"Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Gbé aṣọ yẹn wá fún mi."

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wà ní ìwé kẹta, olùkọ́ wọn ní kí wọ́n kọ ọjọ́ tí ọdún máa ń bọ́ sí. Ó kọ ọ́ pé, "Ọjọ́ tí bàbá mi bá dé ni." Olùkọ́ fagi lé e, gbogbo kíláàsì sì fi í ṣẹ̀sín. Ó sunkún wálé. Ìyá mi gba ìwé náà, ó wò ó lọ wò ó bọ̀, ó mú bírò tó fi ń kọ orúkọ oníbàárà, ó sì kọ "Ó gbà" gàdàgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí olùkọ́ fagi lé. Ó ní, "Olùkọ́ yín ò mọ ilé wa ni."

Bí bàbá mi bá wá dé, ó lè jẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí òjò ń rọ̀, Màámi á ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, adìẹ á kú, a ó wọ aṣọ ọdún, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á sì jáde sí títì láàárín àwọn tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. "Ẹ kú ọdún o!" ni àwọn èèyàn máa ń kí wa, wọ́n á sì máa ṣẹ́jú síra wọn. Ojú máa ń tì mí bíi kí ilẹ̀ lanu. Ẹ̀gbọ́n mi ní tirẹ̀ á gbórí sókè, á ní, "Ẹ kú ìyèdún, ẹ̀yin èèyàn wa!" Kò sí ohun tó ń tì í lójú láyé yìí.

Bóyá ìdí nìyẹn tó fi rọrùn fún un láti lọ. Ó ti pé ọdún mẹ́fà báyìí tó ti wà lókè òkun, ọkọ̀ ojú irin ló ń wà níbẹ̀. Èmi tí mò ń tijú ni mo dúró, mo sì jogún tábìlì ìlọṣọ.

Lọ́dún tó kọjá, bàbá mi fẹ̀yìntì. Ó gbé àpótí rẹ̀ wálé, ó ra kàlẹ́ńdà ńlá kan, ó gbé e kọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù, ó sì fi bírò pupa yí ọjọ́ ọdún po. "Lọ́tẹ̀ yìí," ó ní, "màá ṣọdún lọ́jọ́ ọdún bí ọmọ èèyàn." Inú rẹ̀ dùn débi pé ó máa ń ka ọjọ́ tó kù fún àwọn oníbàárà wa. Ìyá mi kò fèsì. Èmi mọ̀ pé bó bá ti dákẹ́ bẹ́ẹ̀, wàhálà ń bọ̀.

Nítorí pé ẹ̀gbọ́n mi ti pè lórí fóònù. Àsìkò ọdún ni èrò máa ń pọ̀ jù nínú ọkọ̀ wọn, àwọn awakọ̀ tí kò ní ọmọ kékeré ni wọ́n sì máa ń ní kó ṣiṣẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ ò fún un láàyè. Ọdún kẹta nìyẹn tí kò wálé.

Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọdún, Bàámi gbé adìẹ wọlé, ọ̀bẹ tó ti pọ́n wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì.

"Ẹ so ó mọ́lẹ̀," ni ìyá mi wí. Aṣọ àwọn aládùúgbò kún iwájú rẹ̀ dé àyà, gbogbo wọn ló fẹ́ gbà á kí ilẹ̀ tó mọ́.

"Kí n so ó mọ́lẹ̀ kẹ̀? Ọ̀la lọdún!"

"Ọdún ò tíì dé."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. "Ìyá àwọn ọmọ, èmi lẹ ń retí. Mo ti dé. Èmi rè é."

"Ẹ ti dé, ẹ kú àbọ̀. Ọmọ yín ò tíì dé. Ilé ò pé."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ní ká ṣe é bí aráyé ṣe ń ṣe é! Ṣé torí ẹnì kan ò sí nílé, ayé á dúró ni?"

Ìyá mi gbé áyọ́ọ̀nù nàró. "Ayé ò dúró. Àwa la dúró."

Bàámi so adìẹ mọ́lẹ̀, ó wọ yàrá lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé àga síwájú ilé, aṣọ ilé ló wọ̀. Ìyá mi ti bá iṣẹ́ mọ́jú, ó ti sùn lọ lórí àga nínú ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo àdúgbò ń kọjá nínú aṣọ tí a lọ̀ fún wọn. Wọ́n ń kí wa, bàbá mi ń dáhùn, ohùn rẹ̀ ń rẹlẹ̀ sí i. Mo jókòó tì í.

"Báyìí lẹ ṣe máa ń jókòó?" ó bi mí.

"A kì í jókòó síta, Bàámi. Màámi máa ń ní ká wọlé, ká má pariwo, káwọn èèyàn má baà torí àánú gbé oúnjẹ wá fún wa."

Ó gbójú sí títì. Ẹnu tèmi kì í sì í gbélé. Mo sọ ti ọdún tí ọkọ̀ wọn há sí èbúté kan fún un, tó jẹ́ pé oṣù márùn-ún lẹ́yìn ọdún ló tó dé. Bàtà ọdún ti há wa lẹ́sẹ̀ nígbà náà. Màámi fi abẹ gé iwájú rẹ̀ kí ọmọ ìka wa lè ráyè.

Bàbá mi wò mí. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó yọ fọ́tò kan tó ti gbó. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ló wà níbẹ̀, a wọ aṣọ ọdún, ọmọ ìka ẹsẹ̀ wa yọ síta. "Mo máa ń fi han àwọn ọmọ inú ọkọ̀," ó ní. "Mo máa ń sọ fún wọn pé, ẹ wo bàtà ìgbàlódé tí àwọn ọmọ mi ń wọ̀." Ó wo fọ́tò náà pẹ́ títí. Ó dìde, ó lọ fi aṣọ bo ìyá mi níbi tó sùn sí, ó wá gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó pe ẹ̀gbọ́n mi.

"Ọmọ mi, fara balẹ̀ ṣiṣẹ́ ẹ. A ò tíì ṣọdún. À ń dúró dè ẹ́."

Mo gbọ́ bí ẹ̀gbọ́n mi tí kì í tijú ṣe bú sẹ́kún. Èmi náà sunkún díẹ̀, kí n má parọ́.

Oṣù kan kọjá, wọn ò fún un láàyè. Ìkejì tún kọjá. Adìẹ sanra débi pé kò lè sáré mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ìyá mi kàn dá áyọ́ọ̀nù dúró lójijì. "Ọkọ̀ òkun ni mi ò lè tẹ̀ lé," ó ní. "Ọkọ̀ ojú irin ní ojú ọ̀nà tirẹ̀. Ẹ lọ bá wa wá ìwé ìrìnnà."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la fi wá ìwé. Adìẹ bọ́, nítorí wọn ò gbà á nínú ọkọ̀ òfurufú. A fi í sílẹ̀ fún aládùúgbò. Bàbá mi tó ti dé orílẹ̀-èdè mẹ́tàdínlógún, ojú fèrèsé ilé ìdáná ọkọ̀ ló ti wo gbogbo wọn, ló wá ń gbọ̀n nínú bàálù. Wọ́n ní ojú tó ti rí òkun kì í rí ọ̀sà kó bẹ̀rù, ṣùgbọ́n wọn ò mẹ́nu ba òfurufú. Ìyá mi ní tirẹ̀ ń wo aṣọ àwọn òṣìṣẹ́ inú bàálù. Ó sọ sí mi létí: "Ẹni tó lọ aṣọ yìí ò wọ́n omi sí i."

Ọkọ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi ń wà máa ń ti ìlú ńlá lọ sí ibùdó kan létí omi, á sinmi ogójì ìṣẹ́jú níbẹ̀, á sì padà. Ilé rẹ̀ la wọ̀ sí, ogójì ìṣẹ́jú yẹn sì ni ìyá mi mú. Lẹ́yìn tí ẹ̀gbọ́n mi ti lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, a ra adìẹ mìíràn, a sè é nínú ilé ìdáná rẹ̀ láìsọ fún un, a wọ aṣọ ọdún, a bá ọkọ̀ mìíràn ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Màámi tẹ́ aṣọ funfun tó ti lọ̀ sórí bẹ́ǹṣì.

Ọkọ̀ wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi sọ̀ kalẹ̀ láti iwájú, fìlà iṣẹ́ ti tẹ irun rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó rí wa. Ó dúró bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀.

"Màámi, ọdún ti kọjá láti bí oṣù mẹ́ta àtààbọ̀."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

Ó rẹ́rìn-ín, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá mi fi etí gèlè nù ún lójú, ó ní kó jókòó kí oúnjẹ má tutù. Bàbá mi kọ̀, kò jókòó, òun ló ń bu oúnjẹ fún wa bó ṣe máa ń ṣe, tí kì í jẹ kí gbogbo èèyàn tó yó. Àwọn èrò ń wò wá. Ìyá mi ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, "Ẹ kú ọdún o," wọ́n sì ń mi orí padà fún un. Lọ́jọ́ yẹn, ojú ò tì mí rárá.

Nígbà tí àkókò tó, ẹ̀gbọ́n mi ní kí a wọlé, kó gbé wa dé ìlú, kó sì tún gbé wa padà wá síbí, kí a lè jọ wà pẹ́ díẹ̀ sí i, nítorí pé òun ṣì ń bọ̀. Ìyá mi ti gbá aṣọ mọ́ra. Bàbá mi kò mira.

"Ẹ máa lọ," ó ní. "Èmi á dúró."

"Dúró ṣe kí ni?" mo bi í.

"Mi ò dúró rí. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ ìyá yín, èmi ni mò ń lọ."

Ìyá mi wò ó, kò jà á níyàn. Ó wọlé, ó jókòó sí àga tó súnmọ́ ilẹ̀kùn awakọ̀ jù, ó tẹ́ ọwọ́ lé ara ilẹ̀kùn náà bí ẹni tó ń gbé ọmọ sùn. Mo wo ẹ̀yìn láti ojú fèrèsé. Bàámi gbọ́wọ́ sókè, kò sì sọ ọ́ kalẹ̀ títí tí ọkọ̀ wa fi yà kọ́nà.

Wákàtí méjì àtààbọ̀ la fi lọ tí a fi bọ̀. Atẹ́gùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í tutù nígbà tí a padà. Ojú kan náà ni Bàámi wà. Bẹ́ǹṣì ṣófo lẹ́yìn rẹ̀, kò jókòó sí i. Ó ń wo gbogbo ilẹ̀kùn ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìgbà tí ìyá mi sọ̀ kalẹ̀ ló tó mí kanlẹ̀.

"Ẹ pẹ́," ó ní.

"Wákàtí méjì àtààbọ̀ ni."

"Mo mọ̀ pé ẹ ń bọ̀. Síbẹ̀ mo ṣáà ń rò ó pé bóyá ẹ ò ní bọ̀ mọ́." Ó gbá ọwọ́ ìyá mi mú, ọwọ́ tí áyọ́ọ̀nù ti jó lójú mẹ́rin. "Báyìí ló ṣe máa ń ṣe ẹ́?"

"Lójoojúmọ́," ni ìyá mi wí.

Ìyá mi fà á lọ́wọ́ lọ sórí bẹ́ǹṣì, ó tú abọ́ kan tó fi pamọ́ sínú báàgì, itan adìẹ méjèèjì ló wà níbẹ̀.

"Ẹ jókòó, bàbá àwọn ọmọ," ó ní. "Ẹ ò tíì jẹun."