Kóòtù Tí Màámi Fi Omi Iyọ̀ Sè

Títí mo fi lé lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún, kò sí ohun tí mo kórìíra tó òkìríkà. Kì í ṣe pé n kò wọ̀ ọ́ rí o. Mo wọ̀ ọ́, ó sú mi. Ní Jakande, Ìlàsàn, níbi tí mo dàgbà sí, òkìríkà ni ìyá mi ń rà fún àwa ọmọ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lọ́jọ́ kan ní ilé ẹ̀kọ́, ọmọ kíláàsì mi kan fa ọrùn aṣọ mi, ó sì ka orúkọ tí wọ́n fi tàdáwà kọ síbẹ̀, orúkọ ọmọ òyìnbó kan báyìí. Títí a fi jáde ìwé mẹ́wàá, orúkọ yẹn ni wọ́n fi ń pè mí. Mo búra lọ́kàn mi pé lọ́jọ́ tí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó oṣù, aṣọ tuntun nìkan ni yóò máa kan ara mi.

Mo sì ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí èmi àti ọkọ mi kó lọ sí Ṣàngótẹ̀dó, tí mo ń ṣe tíṣà ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan, aṣọ òde mi kò ju mẹ́fà lọ, ṣùgbọ́n inú ọ̀rá ni mo ti yọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Mo máa ń fi èyí yangàn. N kò mọ̀ pé ó kù díẹ̀ kí n kó ọ̀rọ̀ mi jẹ.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, oyún oṣù mẹ́rin wà nínú mi. Èyí tó ṣáájú rẹ̀ ti wálẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìyá ọkọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màámi, fi gbé àpótí rẹ̀ kan láti Ìbàdàn, tó wá bá wa gbé. Ó ní òun fẹ́ máa fi ojú òun wo èyí. Àsìkò yẹn gan-an ni ilé iṣẹ́ kan ní Lẹ́kí tó ń ṣe ìwé ọmọdé pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, tí wọ́n fi sí ọjọ́ Ajé. Mo fẹ́ iṣẹ́ náà lójú méjèèjì. Gbogbo ẹni tí mo sì sọ fún ló ń kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n rí ikùn mi kí wọ́n tó fún mi ní ìwé ìgbanisíṣẹ́. Nínú aṣọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kò sí èyí tó lè bo ikùn yẹn.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú rẹ̀, mo lọ wá jákẹ́ẹ̀tì ní Ajah. Èyí tí wọ́n kó sí àwọn ṣọ́ọ̀bù, bí mo bá wọ̀ ọ́, bọ́tìnnì rẹ̀ kò ní pa dé, á máa wò mí bí ẹni tí mo ṣẹ̀. Oòrùn mú mi, ojú mi ń ṣú, mo bá fara ti òpó àtíbàbà kan. Ìyá kan jókòó lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù òkìríkà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tú.

"Àǹtí, ẹ wọlé síbi òjìji jàre," ó ní. "Ẹ lóyún, ẹ ń dúró soòrùn."

Ó fún mi ní àpótí ìjókòó. Mo jókòó, mo sọ̀rọ̀ iṣẹ́ Lẹ́kí náà fún un, mo sì ń wo bó ṣe ń ṣa ẹrù rẹ̀. Ohun tó ń ṣe yà mí lẹ́nu. Kò wo ojú aṣọ kankan. Bó bá ti fa ọ̀kan yọ, yóò yí inú rẹ̀ sóde, yóò fi àtàǹpàkò tọ ojú rírán rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kó tó pinnu ibi tí yóò jù ú sí. Mo bi í pé kí ló dé.

"Ìta ni wọ́n fi ń tan èèyàn, Àǹtí mi. Ẹ wo inú ẹ̀. Ibẹ̀ lẹ ti máa mọ̀ bóyá ẹni tó rán an ń kánjú."

Ló bá ju kóòtù kan lé mi lẹ́sẹ̀. Àwọ̀ ewé ni, irun àgùntàn ni wọ́n fi hun ún, ó wúwo. Mo yí i sóde bí mo ṣe rí i tó ń ṣe é. Ọwọ́ ni wọ́n fi rán aṣọ tí wọ́n tẹ́ sí inú rẹ̀, ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ wẹ́wẹ́, kò sí èyí tó gùn ju ìkejì lọ. Ìgúnpá rẹ̀ kan ti já rí. Ẹnì kan ti jókòó, ó wá òwú tó bá àwọ̀ náà mu, ó hun ojú ihò náà padà títí tó fi jẹ́ pé ìka mi ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n kí ojú mi tó rí i. Ní ìṣẹ́tí apá rẹ̀, ìlà kan wà tó fi hàn pé wọ́n ti tú u gùn rí. Bóyá ọwọ́ ẹni tó ni ín ló gùn sí i. Bóyá wọ́n fún àbúrò rẹ̀ ni.

N kò mọ ohun tó ṣe mí. Láti kékeré, mo ti gbà pé ohun tí àwọn òyìnbó kó dà nù ni òkìríkà. Àmọ́ ẹni tó hun ìgúnpá yẹn kò fẹ́ da kóòtù yẹn nù. Ó fẹ́ràn rẹ̀. Bí mo ṣe jókòó sínú ariwo Ajah yẹn, mo fẹ́ràn òun náà, ẹni tí n kò rí rí. Mo dìde, mo wọ̀ ọ́, ó sì pa dé lórí ikùn mi bí ẹni pé kò sí ohunkóhun níbẹ̀.

"Ṣùgbọ́n ìyá, ta ló ń wọ irú èyí nínú ooru yìí?"

"Ṣebí ọ́fíìsì Lẹ́kí lẹ ní ẹ ń lọ? Ésì tiwọn á gan yín pa. Ẹ gbé e lọ."

Nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá tó gbé mi lọ sílé, mo tún yí apá kóòtù náà sóde kí n lè wo ojú abẹ́rẹ́ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Bàbá tó jókòó tì mí sún sẹ́yìn díẹ̀.

Mo fi han Màámi tayọ̀tayọ̀. Inú rẹ̀ dùn títí mo fi ní òkìríkà ni.

"Ta ló wọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀?" ó ní.

"N ò mọ̀ ọ́n, mà."

"Ṣé ó wà láyé, àbí ó ti kú?"

"Màámi, báwo ni mo ṣe máa mọ̀?"

"Ohun tí mò ń sọ nìyẹn." Ó wo ikùn mi. Mo fi kóòtù kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ kejì, Sátidé, mo lọ dirun. Bí mo ṣe ń padà wọ ilé, òórùn kan pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, òórùn ọjọ́ Iléyá gan-an. Mo rò pé Màámi ń se ẹran àgbò. Mo tiẹ̀ gbé itọ́ mì. Ìgbà tí mo dé ẹ̀yìnkùlé ni mo rí ìkòkò wa tó tóbi jù, tí omi iyọ̀ inú rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé, mo sì rí kóòtù mi lórí okùn. Ó ti súnkì títí ó fi kéré tó aṣọ ọmọ ọdún mẹ́fà. Ó nípọn bí ẹní tí a fi ń nu ẹsẹ̀.

"Ọkàn mi ti balẹ̀," Màámi ní, ó ń nu ọwọ́. "Ohun yòówù tí ẹni yẹn ì báà fi sílẹ̀ lára ẹ̀, iyọ̀ ti gbà á. Mo sè é dáadáa." Ó wo ojú mi, ó wo okùn. "Tó bá gbẹ, á fẹ̀ padà."

Kò fẹ̀ padà. Èmi náà kò sì dúró kó gbẹ kí n tó fi ìbínú ṣe ohun tó burú. Mo pariwo. Mo ní, "Ṣebí ẹ fún mi ní iyọ̀ àti àgbo nígbà oyún àkọ́kọ́ náà, ṣé ó gbà á sílẹ̀?"

Ìyá ọkọ mi ni mo sọ ọ́ fún o. Títí dòní, bí mo bá rántí, ojú ń tì mí níbi tí mo bá jókòó sí. Màámi gbé aṣọ ìnuwọ́ sílẹ̀. Ó wọ yàrá rẹ̀ lọ, ó rọra ti ilẹ̀kùn.

Ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú mọ́. Mo kúnlẹ̀ kí i, ó ní "pẹ̀lẹ́," ìyẹn nìkan. Ọkọ mi ń rìn láàárín wa bí ẹni tó ń kọjá lórí sìmẹ́ǹtì tútù. N kò ro ti iṣẹ́ mọ́. Ohun tó ń já mi láyà ni pé mo ti sọ ọ̀rọ̀ tí n kò lè gbé mì padà, àti pé Màámi lè di àpótí rẹ̀, kó máa lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó kan ilẹ̀kùn wa. Nǹkan kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó fi aṣọ funfun wé.

"Ìwọ ni mo gbé e wá fún látọjọ́ tí mo ti dé," ó ní. "Ojú ló ń tì mí. Mo ní ẹ̀yin ará Lẹ́kí, ẹ ó ní kí ni ìyá yìí ń kó àkísà rù wá fún."

Gáùn aláwọ̀ ọsàn ni, kọ́là rẹ̀ fẹ̀, ó ń run káńfọ̀. Màámi ti tẹ̀wé nínú ọ́fíìsì ìjọba ní Ìbàdàn nígbà èwe rẹ̀, mo mọ ìyẹn. N kò mọ̀ pé ó tọ́jú aṣọ ìgbà náà.

"Inú ẹ̀ ni mo ti gbé oyún ọkọ ẹ. Òun ni mo wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ títí di ọ̀sẹ̀ tí mo bí i."

N kò mọ ìgbà tí mo yí i sóde. Ní ìhà méjèèjì, ìlà ojú abẹ́rẹ́ mẹ́ta ló wà, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn. Ìgbà mẹ́ta ló ti tú u, tó tún un rán, bí ikùn rẹ̀ ṣe ń tóbi. Mo fi ìka tọ àwọn ìlà náà. Ọkọ mi ló ń dàgbà níbẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ń sunkún.

"Màámi, ẹ má bínú. Ẹ jọ̀ọ́, mà."

"Ta ló ń bínú? Dìde, wọ aṣọ. Ilẹ̀ ti mọ́."

"Ṣé ẹ ò ní fi iyọ̀ fọ èyí ni, mà?" Mo fẹ́ pa á lẹ́rìn-ín ni.

"Iyọ̀ kẹ̀? Ṣebí o mọ ẹni tó wọ̀ ọ́."

Mo wọ gáùn náà lọ, ikùn mi ṣáájú mi wọlé. Wọ́n bi mí, mo sọ fún wọn, wọ́n sì gba ẹlòmíràn. Ó dùn mí fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Tíṣà náà ni mo ṣì ń ṣe. Ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn, lọ́jọ́ Sátidé, ẹ wá mi lọ sí Ajah, lábẹ́ àtíbàbà ìyá yẹn, ẹ ó rí mi tí mò ń yí aṣọ àtijọ́ sóde. Màámi kò sì padà sí Ìbàdàn mọ́, àfi bó bá fẹ́ lọ kí ilé. Èmi àtirẹ̀ jọ ṣe àdéhùn: omi tútù ni, ṣùgbọ́n iyọ̀ kò ní yẹ̀. Kò sí aṣọ òkìríkà tó wọ ilé wa tí kò kọ́kọ́ wọ báfù omi iyọ̀. Nígbà tí ọmọ náà dé, tó sì dàgbà tó ẹni tí à ń rán níṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ kékeré ni Màámi fi ń wọn iyọ̀. Ọmọ náà ti pé ọdún mẹ́fà báyìí. Kóòtù yẹn bá a mu wẹ́kú, ó sì ń wọ̀ ọ́ nígbà ọyẹ́.

Màámi kú lọ́dún yìí. Lẹ́yìn ìsìnkú ní Ìbàdàn, àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin pín léèsì àti aṣọ òkè rẹ̀. Wọ́n bi mí pé kí ni mo fẹ́, mo ní bùbá àwọ̀sílé tó ti ṣá, èyí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ̀ lábíyá. Ẹnu yà wọ́n.

Nígbà tí a dé Ṣàngótẹ̀dó, mo gbé àpò tí bùbá náà wà nínú rẹ̀ sílẹ̀ ní pálọ̀, mo wọlé lọ bọ́ aṣọ ọ̀nà. Bí mo ṣe jáde, ọmọ mi ti gbé báfù sílẹ̀, omi ti wà nínú rẹ̀, ó di iyọ̀ sọ́wọ́, ó ń dúró dè mí.

"Mọ́mì, ẹ kó o wá."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo ní kó da iyọ̀ náà padà sínú agolo.

"A ò ní fọ ẹni tó ni ín kúrò lára ẹ̀ ni?"

"Rárá," mo ní. "A mọ ẹni tó wọ̀ ọ́."

Ó fa bùbá náà yọ nínú àpò, ó yí i sóde bó ṣe ń rí mi tí mò ń ṣe, ó sì fi imú sí i. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó gbé orí sókè.

"Mọ́mì," ó ní, "ẹ jẹ́ ká má fọ̀ ọ́ rárá o."