Pẹ́ẹ̀gì Aṣọ Pẹpẹ

Òórùn búlúù àti sítáàṣì ló máa ń kún ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìlá nígbà ayé Màmá. Bí mo bá ń kọjá lọ lónìí níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ funfun, tí òórùn náà bá ta sí mi nímú, ẹsẹ̀ mi á kàn dúró fúnra rẹ̀. Màá tún rí igi gúáfà ẹ̀yìn ilé, okùn ìsáṣọ tí a so mọ́ ọn kí n tó gbọ́njú, àti ìyá mi tí wọ́n ń na aṣọ pẹpẹ sójú oòrùn, tí wọ́n ń kọrin sábẹ́ ohùn, tí wọn ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn sọ̀rọ̀. Ìjọ aláṣọ funfun ni tiwa. Màmá ló ń fọ aṣọ pẹpẹ níbẹ̀, ó sì ti pẹ́ débi pé àwọn ọmọdé ìjọ rò pé orúkọ wọn gan-an ni Ìyá Aláṣọ Pẹpẹ.

Iṣẹ́ náà ní òfin tirẹ̀. Obìnrin tí kò rí nǹkan oṣù mọ́ ló ń ṣe é. Ẹni tó bá ki ọwọ́ bọ omi rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ sá a, ọwọ́ ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ kàn án títí yóò fi gbẹ. Kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀. Ẹnu kò sì gbọdọ̀ kàn án, nítorí náà o ò lè fi eyín di etí rẹ̀ mú bí àwọn obìnrin ti máa ń ṣe nígbà tí ọwọ́ wọn bá dí. Mo máa ń fi Màmá ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà pé, "Ẹ̀yin àti aṣọ yìí, bí ẹni ń tọ́jú ìkókó." Wọ́n á ní, "Ìkókó máa ń dàgbà. Èyí kì í dàgbà."

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni àrùn rọpárọsẹ̀ bá wọn jà lójijì, ó sì gba apá ọ̀tún. Ẹsẹ̀ ṣì ń wọ́ díẹ̀díẹ̀, ọ̀rọ̀ ń jáde ní kúkúrú, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún kú pátápátá. Òsì tó kù, làkúrègbé ti di àwọn ìka rẹ̀ tipẹ́tipẹ́, nítorí omi tútù tí wọ́n ti ń ki í bọ̀ láti ọdún yìí wá. Síbẹ̀, nígbà tí a gbé wọn dé láti ọsibítù, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń dá wa lóhùn, ìyàwó mi ń tọ́jú wọn, mo sì ń dúpẹ́. Àfi ìgbà tí Ìyá Ìjọ, olórí àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa, wá kí wọn. Ènìyàn rere ni wọ́n, kò sí àránkàn nínú ọ̀rọ̀ wọn. Wọ́n di ọwọ́ Màmá mú, wọ́n ní, "Ẹ sinmi, Màmá. Ẹ ti ṣe tiyín. A ti rí ẹni tí yóò máa fọ̀ ọ́." Èmi náà tí mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ẹ sinmi." Láti ọjọ́ náà ni Màmá ò ti jẹun mọ́.

Ìyàwó mi gbé ẹ̀kọ mímu wá, wọ́n pa ẹnu dé. Ó po mílíìkì mọ́ ọn, wọ́n pa ẹnu dé. Mo bẹ̀ wọ́n, mo dọ̀bálẹ̀, mo bínú, mo tún padà wá bẹ̀. Omi nìkan ni wọ́n ń tọ́ wò, wọ́n sì kọjú sí ògiri. Ara ń lọ, a ń wò ó. Dókítà ní kò sí oògùn tí òun lè fún ẹni tó ti pinnu. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pè láti Èkó, ó ní ọjọ́ orí ni, kí n gbà fún Ọlọ́run. Mo pa fóònù mọ́ ọn lẹ́nu. Ó rọrùn fún ẹni tó wà l'Ékòó láti gbà fún Ọlọ́run. Ọ̀rẹ́ mi, bí o kò bá tíì jókòó ti ìyá rẹ rí kí o máa wò ó bí ó ti ń lọ, tí ó sì jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló ń lọ, má gbàdúrà kí o mọ̀ ọ́n. Lójoojúmọ́ ni ẹ̀rù ń bà mí láti ṣílẹ̀kùn yàrá wọn. Nígbà tó yá, mo bi wọ́n léèrè pé, "Kí lẹ wá fẹ́, Màmá?" Wọ́n ní, "Kí ni mo tún ń dúró dè?"

Ìgbà yẹn ló yé mi. Mo gba ọ̀dọ̀ Ìyá Ìjọ lọ, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dá iṣẹ́ aṣọ náà padà fún Màmá. Wọ́n wò mí títí. "Ọwọ́ òsì ni wọ́n máa fi sá aṣọ Ọlọ́run?" Ojú mi ni wọ́n wò tí àánú fi ṣe wọ́n. Wọ́n ní, "Ó dáa. Ìkórè ń bọ̀, a ó fọ aṣọ pẹpẹ. Bí wọ́n bá fọ̀ ọ́ tí wọ́n sì sá a fúnra wọn, tí kò kan ilẹ̀, iṣẹ́ ṣì jẹ́ tiwọn. Bí ó bá jábọ́, ọmọ mi, ọ̀rọ̀ náà parí nìyẹn." Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Màmá, wọ́n yíjú kúrò lára ògiri, wọ́n sì mu ìdajì ife ẹ̀kọ. Ìdajì ife lásán, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó.

Wédà ni mí. Géètì tí mo ṣe pọ̀ láti Ìlá títí dé Òkè-Ìlá, mo sì rò pé kí ni pẹ́ẹ̀gì lásánlàsàn tí ń di aṣọ mọ́ okùn yóò fi mí ṣe. Fífọ̀ kọ́ ni ìṣòro, nítorí wọ́n lè fi ọwọ́ kan tẹ aṣọ mọ́ inú abọ́. Sísá ni. Wọn ò lè fún omi rẹ̀ kúrò, nítorí náà ó máa wúwo, á sì máa yọ̀ lórí okùn, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ọyẹ́ sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Pẹ́ẹ̀gì oníke tí a rà lọ́jà, ìka wọn kò lè tẹ̀ ẹ́ kó yanu. Bí wọ́n bá gbìyànjú, ńṣe ló ń ta dànù sínú iyanrìn. Mo yọ irin inú rẹ̀, mo fi rọ́bà dípò, ó rọ̀ jù, afẹ́fẹ́ gbé e lọ. Mo lọ́ wáyà tí àwọn bíríkìlà fi ń di irin, ó yanu, kò sì padà pa á dé mọ́. Mo lọ́ irin tó nípọn, èmi gan-an fi ọwọ́ méjèèjì yà á tì. Ẹni tó ni géètì ń wá pariwo lé mi lórí ní ṣọ́ọ̀bù, mi ò tilẹ̀ gbọ́ ohun tó ń sọ. Ìkórè ń sún mọ́lé. Màmá ń rí gbogbo èyí tó ń bàjẹ́, ìdajì ife ẹ̀kọ náà sì ti ń dín kù.

Mo wọlé kí wọn láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń tún irun wọn ṣe. Wọ́n fi píìnì irun sí ẹ̀bá etí, wọ́n wá fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ òsì tì í wọlé. Wọn ò tẹ̀ ẹ́, wọn ò fún un. Wọ́n kàn tì í, ó sì di irun mú. Mo dúró bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Láti ọjọ́ yìí ni mo ti ń wá ohun tí ọwọ́ yẹn lè fún, n ò bi í léèrè ohun tó lè ṣe. Mo yọ píìnì náà lórí Màmá láìtọrọ gáfárà, mo sì sáré gba ṣọ́ọ̀bù lọ.

Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ni mo lọ́. Mo tẹ orí rẹ̀ kó fẹ̀ kó lè gba àtẹ́lẹwọ́, mo jẹ́ kí ẹsẹ̀ méjèèjì fún mọ́ra lọ́rùn, mo sì ya ẹnu rẹ̀ síta kó lè gun okùn. O kàn máa gbé e lé orí aṣọ, o máa tì í wá sísàlẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló máa di aṣọ mú. Màmá fi sá sùtánà tiwọn láti dán an wò. Ó dúró. Wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan tó kù rẹ́rìn-ín, wọ́n sì jẹ àkàrà lọ́jọ́ náà. Inú wa dùn tó bẹ́ẹ̀ tí a gbàgbé sùtánà lórí okùn. Ìrì sẹ̀ sí i. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, irin mi ti dógùn-ún, ó sì fi àbàwọ́n pupa méjì sí èjìká aṣọ funfun náà. Ìyàwó mi sáré láti gbé e pamọ́, ṣùgbọ́n Màmá ti rí i láti ojú fèrèsé. "Ó ti hàn pé iṣẹ́ mi ti parí," ni wọ́n wí, wọ́n sì kọjú sí ògiri. Lọ́jọ́ yẹn, wọn ò mu omi pàápàá. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo tan jẹnẹrétọ̀ láìní iṣẹ́ tí mò ń ṣe, mo sì jókòó sáàárín irin, mo sunkún. Mo tan án kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́.

Ọ̀kadà kan wà ní ìdojúdé níwájú mi níbẹ̀, tí ẹni tó ni ín gbé wá kí n jó férémù rẹ̀. Ó ti gbó, ẹrọ̀fọ̀ ọ̀nà oko bo gbogbo rẹ̀, férémù náà sì ti dógùn-ún débi pé ó ń ṣí lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àwọn sípóòkù, irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú táyà rẹ̀, ṣì ń dán. Mo ń sunkún, mo ń wò wọ́n, ó pẹ́ kí n tó rí ohun tí mò ń wò. Mo nu ojú, mo lọ ra sípóòkù lọ́wọ́ mẹkáníìkì. Mo gé orí rẹ̀ dànù, mo lọ́ ọ mọ́ páìpù, mo fi fáìlì dán ẹnu rẹ̀ kó má baà fa òwú yọ. Mo wá rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀ di ọjọ́ kejì láti mọ̀ bóyá yóò dógùn-ún. Mo fi áńkáṣíìfù funfun nù ún, mo nù ún gan-an, ìbínú wà nínú bí mo ti ń nù ún. Kò sí nǹkan kan lára áńkáṣíìfù náà. Mo gbé e lọ tẹ́ sórí ìrọ̀rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú Màmá. Wọ́n wò ó títí. "Ìkórè dọjọ́ wo?" ni wọ́n bi mí. Wọ́n gba omi, ṣùgbọ́n wọn ò gba oúnjẹ.

Àárọ̀ Sátidé tó ṣáájú Ìkórè, Ìyá Ìjọ gbé aṣọ náà wá nínú àwo. Mo ti rẹ okùn wálẹ̀ dé ọ̀gangan àyà Màmá, mo sì gbé abọ́ omi àti pẹ́ẹ̀gì méjì lé orí tábìlì. Màmá jókòó, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n tì í bọ omi búlúù, ó sì pẹ́. Nígbà tó kan sísá, wọ́n dìde, orúnkún wọn sì yẹ̀. Mo sáré gbá wọn mú ní ìbàdí láti ẹ̀yìn. Ìyá Ìjọ wò mí. Mo ní, "Aṣọ lẹ ní kí n má fọwọ́ kàn, Mà. Ẹ ò ní kí n má di ìyá mi mú." Màmá fúyẹ́ lọ́wọ́ mi débi pé ẹ̀rù bà mí. Mo ń gbọ́ ọkàn wọn bó ti ń lù.

Wọ́n ju aṣọ sórí okùn, omi dà sí wa lẹ́sẹ̀. Wọ́n mú pẹ́ẹ̀gì kìíní, wọ́n fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ tì í, ó dì í mú. Èkejì bọ́ lọ́wọ́ wọn, ó bọ́ sínú iyanrìn. Ìgbà náà gan-an ni afẹ́fẹ́ gbéra, etí kejì aṣọ náà bẹ̀rẹ̀ sí yọ̀ lọ sílẹ̀. Màmá fi ọwọ́ kan ṣoṣo náà dì í mú, kò wá sí òmíràn tí wọn yóò fi mú pẹ́ẹ̀gì. Èmi ò lè fi wọ́n sílẹ̀. Ìyàwó mi bo ojú. Mo gbọ́ tí Màmá ń mí gúlegúle, mo sì mọ̀ pé ọwọ́ náà ti fẹ́ kọ̀. Àfi bí Ìyá Ìjọ ṣe bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ṣa pẹ́ẹ̀gì náà nílẹ̀, tí wọ́n sì fi sùtánà ara wọn nu iyanrìn rẹ̀ kúrò. "Pẹ́ẹ̀gì kì í ṣe aṣọ," ni wọ́n wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n gbé ẹnu rẹ̀ lé orí okùn, ọwọ́ wọn ò kan aṣọ. Màmá ṣí àtẹ́lẹwọ́ kúrò lára aṣọ, wọ́n fi tì í.

Afẹ́fẹ́ gbé aṣọ náà, ó nà án síta, kò jábọ́. Màmá gbé ọwọ́ òsì náà sókè, wọ́n wò ó. "Èyí tí Ọlọ́run fi sílẹ̀ fún mi nìyí." Ìyá Ìjọ kúnlẹ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀ omi búlúù náà. "Ẹ kú iṣẹ́, Màmá," ni wọ́n wí. Màmá yíjú sí ìyàwó mi. "Ẹ̀kọ dà?"

Màmá ń sá aṣọ pẹpẹ náà títí wọ́n fi jáde láyé, Ìkórè mìíràn sì ti bá wọn lórí iṣẹ́ kí wọ́n tó lọ. Ẹni tó gbà á lọ́wọ́ wọn ṣì ń lo pẹ́ẹ̀gì náà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì pé. Mo ti ronú sí ọ̀rọ̀ yìí lọ́pọ̀ ìgbà nídìí iṣẹ́ mi. Kì í ṣe oúnjẹ ni ìyá mi kọ̀. Ìsinmi tí a fi ìfẹ́ gbé lé wọn lórí ni wọ́n kọ̀, ó sì kù díẹ̀ kí ìfẹ́ náà pa wọ́n. Ìyá ìyàwó mi wà lọ́dọ̀ wa báyìí. Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n àwọn ló ń ṣa ẹ̀wà nílé wa. Òkúta a máa kù síbẹ̀. Bí eyín mi bá kan ọ̀kan, màá rọra tu ú sọ́wọ́, màá ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Mà," màá sì máa jẹun mi lọ.