Babáyẹmí àti Apá Kejì Òkú Aláìgbọràn

Ọdún 1994 ni òkú kan dọ̀bálẹ̀ kí àgbàlagbà lójú ọ̀nà Ọ̀rà ní Ìlá, ojú kámẹ́rà ló sì ti ṣe é. Kọ́lájọ káfíńtà ni òkú náà. Wọ́n ti kun ún lẹ́fun láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, wọ́n fi òwú dí i nímú, ó ń lé Adérónkẹ́ tí wọ́n jọ ń ṣeré jáde láti inú oko obì, ó sì ń bú ramúramù. Àfi bí Bàbá Adégbọlá ṣe yọ níwájú wọn, tó ń ti oko bọ̀, tó ru iṣu. Bàbá kò mọ̀ pé eré ni wọ́n ń yà. Òkú rí bàbá, òkú dúró, òkú na gbalaja sílẹ̀.

"Ẹ kú àbọ̀ oko, bàbá."

"O ṣeun, Kọ́lájọ. Ìlẹ̀kùn mi ńkọ́?"

"Ẹ máa rí i lọ́la, bàbá," ni òkú dáhùn.

Olóògbé Babáyẹmí Oyèbísí, tó kọ eré náà, tó sì ń darí rẹ̀, káwọ́ lérí. Bátìrì kámẹ́rà tán síbẹ̀. Àyálò ni kámẹ́rà ọ̀hún, Ìbàdàn ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ dá a padà sí láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Bó ṣe fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Òkú Aláìgbọràn ni orúkọ eré náà. Láàárín àwa tí a wà láàyè pàápàá, òkú tó gbọ́ràn tó bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Babáyẹmí kì í ṣe aláwàdà. Fọ́tò ni iṣẹ́ tó kọ́, bí ẹni tó wá ya fọ́tò bá sì rẹ́rìn-ín, á ní kó lọ rín in tán níta kó tó padà wọlé. Ìyá ìyá rẹ̀ ní Ìgbájọ ló máa ń pa ìtàn iwin tí géńdé ọkùnrin kò fi ní lè dá jáde lọ tọ̀. Irú agbára yẹn ló wu Babáyẹmí látìgbà èwe. Ó fẹ́ kí ẹ̀rù eré òun ba àwọn èèyàn, kí wọ́n máa tilẹ̀kùn. Dípò bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ Ìlá tó ń bọ̀ láti Èkó fún ọdún ń ra kásẹ́ẹ̀tì náà lọ fún àwọn ọ̀rẹ́ wọn, kí wọ́n lè jọ rẹ́rìn-ín.

"Ẹkùn ni mo dọdẹ lọ," ló máa ń sọ fún Moríyọ̀ ìyàwó rẹ̀, "ológbò ni mo gbé bọ̀."

Gbénga tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì l'Ékòó wá bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe apá kejì, kí òkú túbọ̀ kí àgbà dáadáa. Babáyẹmí lé e jáde. Gbénga tún wá, ó tún lé e. Àmọ́ lọ́jọ́ kan tó lọ kí àwọn àna rẹ̀ ní Ire, àwọn ọmọdé rí i, wọ́n fọwọ́ dí imú, wọ́n sì na gbalaja. Ó dùn ún wọra. Ó wá pinnu pé òun á ṣe apá kejì, òun á sì fi gba orúkọ òun padà. Ó ní bí wọ́n bá tún rẹ́rìn-ín sí èyí, òun á ta kámẹ́rà tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, òun á lọ máa gbin iṣu.

Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe òkú lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní ẹ̀kọ́ ilé ti pọ̀ jù lára àwọn ọmọ Ìlá, kò sí èyí tó ṣeé fi ṣe òkú nínú wọn. Ó tún lọ bẹ Bàbá Adégbọlá pé kó jókòó sílé lọ́jọ́ náà. Bàbá gbà, ó kàn béèrè bóyá Kọ́lájọ á lè fi ọjọ́ náà kan ìlẹ̀kùn òun ni.

Gbogbo rẹ̀ ń lọ bó ṣe yẹ. Táíwò ọmọ iṣẹ́ Babáyẹmí gbé kámẹ́rà, Adérónkẹ́ ń sá, òkú ń lé e. Ni gbòǹgbò igi obì bá gbé Adérónkẹ́ ṣubú, ìṣubú tòótọ́ tí kò sí nínú eré. Òkú dé orí rẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ká ìka kò.

"Pẹ̀lẹ́ o," ni òkú fi imú olówùú sọ. "Ṣé o ò fi ṣèṣe?"

Lẹ́yìn náà ló fún un lọ́rùn pa.

Kò mọ̀ pé òun sọ̀rọ̀ rárá. Ta ni Yorùbá tí ẹnìkejì rẹ̀ á ṣubú, tí ẹnu rẹ̀ kò ní sọ ọ́ kí orí tó gbọ́? Nígbà tí Táíwò tan àwòrán náà fún un, ó wò ó, ó sì béèrè ẹni tó sọ̀rọ̀. Wọ́n tún un yà, èyí tí wọ́n tún yà sì dára, ẹ̀rù wà níbẹ̀. Ó ní kí Táíwò gbé èyí lọ síbi tí wọ́n ti ń to eré pọ̀ ní Ìbàdàn, kó sì fi í sínú eré. Èyí àkọ́kọ́ ni Táíwò fi síbẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì Kérésìmesì ọdún 1997 ni wọ́n fi eré náà hàn ní gbọ̀ngàn ìlú. Bí òkú ṣe kí Adérónkẹ́ ní pẹ̀lẹ́, gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, àwọn kan ṣubú lórí bẹ́ńṣì. Babáyẹmí dìde. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ti ta kámẹ́rà náà tán. Àmọ́ Ìyá Tinúadé, tí wọ́n sin ọkọ rẹ̀ lóṣù mẹ́rin sẹ́yìn, dì í láṣọ mú lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá náà ti rẹ́rìn-ín títí omi ti bọ́ lójú rẹ̀.

"Babáyẹmí, jókòó," ni ìyá wí. "Látìgbà tí Bàbá Tinúadé ti lọ ni ẹ̀rù yàrá wa ti ń bà mí, ọ̀dọ̀ ọmọ ni mò ń sùn. Àṣé bí mo bá kọsẹ̀ nínú òkùnkùn, pẹ̀lẹ́ náà ni bàbá á sọ fún mi. N ó sùn nílé mi lónìí."

Babáyẹmí padà síbi tó jókòó sí, ó sì wo eré náà dópin. Táíwò wá dọ̀bálẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ní òun á yọ ibẹ̀ kúrò kí kásẹ́ẹ̀tì tó dé Èkó.

"Má fọwọ́ kàn án," ni Babáyẹmí wí.

Kò ta kámẹ́rà náà. Ọdún 1999 ló kú. Títí ó fi kú, kò rí ẹnì kan ṣoṣo dẹ́rù bà ní gbogbo Ìlá. Àárò rẹ̀ ń sọ wá gidigidi.