Irin Kékeré Tí Àǹtí Búrẹ́dì Ń Gbé

Àárẹ̀ kì í ṣe àlejò lára Àǹtí Búrẹ́dì. Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé búrẹ́dì, níbi tí wọ́n ti ń gbé àpò fúláwà láti ẹnu ilẹ̀kùn lọ sí ìdí tábìlì, tí wọ́n sì ń fi ọwọ́ po èyí tí ẹ̀rọ kò bá pò dáadáa. Tó bá délé nírọ̀lẹ́, á ti rẹ̀ ẹ́ débi pé á sùn lọ pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àárẹ̀ ìyẹn, oorun ni oògùn rẹ̀. Tílẹ̀ bá ti mọ́, ó ti lọ nìyẹn. Èyí tó wá bá a lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa oògùn jẹjẹrẹ sí i lára kò gbọ́ ti oorun rárá. Bó bá sùn tó bá jí, á bá a níbi tó jókòó sí létí bẹ́ẹ̀dì, bí àlejò tí kò nílé tó máa padà sí.

Kí àìsàn tó dé, apá obìnrin yìí ni gbogbo ilé búrẹ́dì fi ń yangàn. Bí ìdérí agolo bá le koko, tí àwọn ọkùnrin yí i títí tí ojú wọn pọ́n, wọn á ní, "Ẹ gbé e fún Àǹtí Búrẹ́dì." Ọ̀gá ilé búrẹ́dì, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí kì í bọ́ épúrọ́ọ̀nù, a máa sọ pé bí ẹ̀rọ òun bá kọṣẹ́, ẹ̀rù kò ba òun, torí òun ní òmíràn tó ń jẹun, tó sì ń rẹ́rìn-ín. Ọkọ Àǹtí Búrẹ́dì ti kú, ọmọ kan ṣoṣo tó bí sì ń ṣiṣẹ́ lókè òkun. Òun nìkan ló ń gbé yàrá méjì kan lókè àtẹ̀gùn, kì í sì í pe ẹnikẹ́ni kó wá bá òun gbé nǹkan.

Ibi tó ti ń wẹ̀ ló ti fọwọ́ kan kókó kan lọ́mú òsì. Ó fi í sílẹ̀ fúngbà díẹ̀, ó ní bóyá iṣẹ́ àṣejù ni. Nígbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ dókítà, ọ̀rọ̀ ti kọjá iṣẹ́ àṣejù. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n gé ọmú náà, wọ́n wá ní ó ku oògùn tí yóò máa kán díẹ̀díẹ̀ sínú iṣan ẹ̀jẹ̀. Oògùn náà mú irun lọ. Ó mú adùn kúrò lẹ́nu, ó sọ èékánná di dúdú. Gbogbo ìyẹn, ó gbà á. Ohun tó dùn ún jù ni pé ó mú agbára apá rẹ̀ lọ.

Ní ọsibítù náà, yàrá kan wà nípẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó kún fún àga, rọ́bà tó ń fà, àti irin kéékèèké tí wọ́n tò sára ògiri. Ọ̀dọ́bìnrin kan ló wà níbẹ̀ tó ń kọ́ àwọn aláìsàn bí wọn yóò ṣe máa lo iṣan ara wọn. Tíṣà ni gbogbo wọn ń pè é. Nígbà tí dókítà ní kí Àǹtí Búrẹ́dì lọ rí i, Tíṣà mú irin kan tí kò ju ọwọ́ ọmọdé lọ, ó nà án sí i.

Àǹtí Búrẹ́dì wò ó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé ti ọmọ ìkókó lẹ fẹ́ fún mi ni?"

"Ẹ gbé e wò ná, mà," ni Tíṣà wí.

Ó gbé e. Àkọ́kọ́ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìkejì náà kò burú. Nígbà tó ṣe díẹ̀ sí i, apá tó ti ń gbé àpò fúláwà láti ìgbà ọmọge rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ewé. Ó gbé irin náà sílẹ̀, kò sì wo ojú Tíṣà.

Tíṣà fa àga tirẹ̀ súnmọ́ ọn. "Mà, oògùn yìí ń lé jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n kò mọ̀yàtọ̀ ọ̀rẹ́ àti ọ̀tá. Bí ẹ bá wá lọ jókòó jẹ́ẹ́, ńṣe ni iṣan á máa yọ́ lára yín bí ọṣẹ tó wà nínú omi. Mi ò ní kẹ́ ẹ di abàmì alágbára o. Ohun tí mo fẹ́ ni pé, títí a ó fi parí, kẹ́ ẹ lè máa fúnra yín dìde lórí àga."

Ó kọ́ ọ bí yóò ṣe máa dìde tí yóò sì máa jókòó láì fọwọ́ ti nǹkan, bí yóò ṣe máa fa rọ́bà, àti bí yóò ṣe máa gbé irin náà. Ó kìlọ̀ fún un pé ọjọ́ tí ara bá gbóná, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, àti pé bí apá ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ bá wú, kó tètè wá. Ó di irin kékeré méjì fún un lọ sílé.

Bó ṣe délé ló bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì méjì, ó wá tọ́jú rẹ̀. Màámi Kékeré ni gbogbo ẹbí ń pè é, torí òun ló pọn àwọn àbúrò rẹ̀ títí ẹsẹ̀ wọn fi kanlẹ̀, òun náà kò sì tíì dàgbà tán nígbà yẹn. Ó ti di ìyá àgbà báyìí, eékún ń yọ ọ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n lójú tirẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì ni àbúrò rẹ̀ wà.

"Kí lèyí?" ló béèrè nígbà tó rí irin náà.

"Wọ́n ní kí n máa gbé e ni."

"Kí o máa gbé kí ni?" Màámi Kékeré pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. "Àìsàn ń gbé ọ, ìwọ náà ń gbé irin. Ta ló máa wá gbé ẹ̀yin méjèèjì sílẹ̀?"

Ó gba irin méjèèjì, ó tì wọ́n sísàlẹ̀ aṣọ nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Láti ọjọ́ náà, ilé di ilé jókòó-síbẹ̀. Bí Àǹtí Búrẹ́dì bá na ọwọ́ sí ife, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti gbé e. Bó bá fẹ́ ṣí fèrèsé, "Jókòó, ọmọ ìyá mi." Bó bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú bàtà, "Èmi wà ńbí, kí lo tún ń wá nílẹ̀?"

Ká má parọ́, inú Àǹtí Búrẹ́dì dùn. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Irin yẹn, kò fẹ́ràn rẹ̀. Ó ń rán an létí ẹni tó ti jẹ́ rí. Ẹ̀gbọ́n ẹni ló sì wá gbà á lọ́wọ́ ẹni yìí, ta ló máa báni wí? Ó ń sùn, ó ń jẹ ìwọ̀nba tí ẹnu rẹ̀ gbà, ó ń wo ògiri. Nígbà tí Tíṣà tẹ̀ ẹ́ láago láti béèrè bí nǹkan ṣe ń lọ, ó ní, "À ń bá a yí i, Tíṣà."

Ṣùgbọ́n àga kì í báni parọ́. Nígbà tó padà dé yàrá ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, Tíṣà ní kó jókòó, kó wá dìde láì fọwọ́ ti nǹkan. Àǹtí Búrẹ́dì jókòó. Ó tẹ̀ síwájú, ó tún tẹ̀ síwájú. Ìdí kò kúrò lórí àga. Ó retí kí Tíṣà bá òun wí, kí òun náà rí ohun bínú sí. Tíṣà kò bá a wí. Ó kàn nawọ́ fà á dìde, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. A ó tún bẹ̀rẹ̀ ni."

Àǹtí Búrẹ́dì kò bẹ̀rẹ̀. Ó délé, ó tún dùbúlẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni ọ̀rọ̀ náà wá hó. Ó ń wẹ̀ lórí àpótí ìjókòó kékeré kan ní balùwẹ̀, ó ṣan ara tán, ó fẹ́ dìde, itan rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Ó fọwọ́ di ògiri mú, ògiri ń yọ̀. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Màámi Kékeré sáré wọlé, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá rẹ̀, ó ní, "Ó yá, ó yá." Ni eékún tirẹ̀ náà bá ké. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó jókòó pòó sínú omi ọṣẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbúrò rẹ̀. Àwọn méjèèjì wo ara wọn.

"Ṣé ẹ ò fara pa?" Àǹtí Búrẹ́dì béèrè.

"Aṣọ mi ló tutù. Dìde ká lọ."

"Ẹ̀gbọ́n mi, bí mo bá lè dìde, ṣé ẹ̀yin ni mo máa pè?"

Kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe ju kí Màámi Kékeré ju aṣọ ìnura bo àbúrò rẹ̀, kó sì pariwo pe télọ̀ tó ń gbé yàrá ìsàlẹ̀. Onítìjú èèyàn ni télọ̀ náà. Ó gòkè wá, ó dijú pinpin lẹ́nu ọ̀nà.

"Má wo ibí o!" Màámi Kékeré kígbe.

"Mi ò rí nǹkan kan, mà. Mo ti dijú."

"Tó o bá dijú, báwo lo ṣe fẹ́ rí wa gbé?"

Kó tó dáhùn, ó ti forí sọ ilẹ̀kùn, gbàgà. Ẹ̀rín ló bá Àǹtí Búrẹ́dì. Láti ìgbà tí oògùn ti bẹ̀rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí. Ó rẹ́rìn-ín títí ibi iṣẹ́ abẹ fi ń ro ó. Ojú dídì yẹn náà ni télọ̀ fi gbé wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń tọrọ gáfárà bí ẹni pé òun ló gbé wọn ṣubú. Nígbà tó lọ tán, Àǹtí Búrẹ́dì jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀rín náà yí padà di ẹkún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń nu ẹ̀yìn rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, nígbà tí wọ́n jẹun tán, Màámi Kékeré ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó gbé irin méjèèjì sórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́.

"Mi ò sọ pé mo fara mọ́ ọn o," ló wí. "Ṣùgbọ́n èmi ò lágbára à ń gbé ọ mọ́. Tí mo bá ń gbé ọ, ta ló ń gbé mi?"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá rò pé láti ọjọ́ náà ni ara bẹ̀rẹ̀ sí í le, kò tíì ṣàìsàn rí. Lẹ́yìn oògùn kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ á wà tí Àǹtí Búrẹ́dì kò ní lè gbé orí, áńbọ̀tórí irin. Ọjọ́ á wà tí ara á gbóná, tí wọ́n á sáré gbé e lọ sí ọsibítù dípò eré ìdárayá. Bó bá fi máa padà sídìí irin, èyí tó kó jọ ti fò lọ, á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Màámi Kékeré di aṣírò. Òun ló ń ka iye ìgbà tó gbé e, ojúsàájú sì wà nínú ìṣirò rẹ̀: "Oókan, eéjì, aárùn-ún…"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹẹ́ta ńkọ́?"

"Ẹẹ́ta ti kọjá, o ò kíyè sí i ni. Máa gbé e lọ."

Ọjọ́ kan wà tó gbé irin náà lẹ́ẹ̀kan, tó sì gbé e sílẹ̀.

"Ó ti sú mi," ló wí. Kò pariwo. "Oògùn sú mi, irin sú mi. Kí ara yìí náà ṣe bó bá ṣe wù ú."

Màámi Kékeré jókòó tì í. "Ó sú èmi náà," ló wí. Kò pa òwe, kò sì ní kó mọ́kàn le. Wọ́n jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé. Ẹnikẹ́ni kò gbé irin lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì, Àǹtí Búrẹ́dì fúnra rẹ̀ ló nawọ́ mú un, kò sì lè sọ ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Bóyá torí pé kò sẹ́ni tó fi dandan lé e ni.

Oògùn parí. Dókítà ní àwọn kò rí jẹjẹrẹ mọ́ nínú àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n kó máa wá ní àsìkò-àsìkò kí àwọn máa wò ó. Ó dúpẹ́. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ju kó jó lọ. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́, àwọn èèyàn rẹ̀ sì yọ̀ mọ́ ọn. Bó ṣe fọwọ́ kan àpò fúláwà báyìí, Ọ̀gá ti fò dé.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀! Ibi tí wọ́n ti ń fi ọ̀rá wé búrẹ́dì ni mo fi yín sí."

Iṣẹ́ ìjókòó ni. Ó dùn ún, kò sì jiyàn, torí ó mọ̀ pé bí òun bá ṣe àṣejù, apá òsì á wú dọ̀la. Lẹ́yìn iṣẹ́, ó ṣì ń lọ sọ́dọ̀ Tíṣà. Irin tó ń gbé níbẹ̀ báyìí fi díẹ̀ tóbi ju ti àtijọ́ lọ. Ó ń dìde lórí àga láì fọwọ́ ti nǹkan. Ó ń kérora díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń dìde.

Lọ́jọ́ tí Màámi Kékeré fẹ́ padà sílé rẹ̀, Àǹtí Búrẹ́dì mú èyí tó fúyẹ́ jù nínú báàgì méjèèjì.

"Gbé e sílẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí.

"Ẹ fi mí sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

Wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé àárín, èémí Àǹtí Búrẹ́dì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Màámi Kékeré dúró, ó ní òkúta wọ bàtà òun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn bàtà tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ó gbọn ọ́n títí èémí fi balẹ̀. Wọ́n sì tún ń lọ.

Nígbà tí ọkọ̀ ti gbé Màámi Kékeré lọ tán, Àǹtí Búrẹ́dì yíjú sí àtẹ̀gùn tó tún fẹ́ gùn. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn àkọ́kọ́, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, ó sì sinmi níbẹ̀ ná.