Àdá Tó Ń Sùn Nílé Ẹlòmíràn

Àkùkọ kò tíì kọ lẹ́ẹ̀kejì ní Kàbbà nígbà tí mo ti jókòó síwájú ọkọ̀ Golf Baba Ṣadé, báàgì méjì lórí itan mi. Ìwé ló wà nínú ọ̀kan. Aṣọ àyípààrọ̀, ọṣẹ àti ike omi ló wà nínú èkejì. Ọkọ mi sìn mí jáde, ó ní, "Ìyàwó ìjọba, rọra o." Mo dá a lóhùn pé ìjọba tó bá lè fẹ́ mi, yóò ti jẹun àárọ̀ kó tó wá.

Òṣìṣẹ́ wẹ́fíà ni mí, ọmọ Owé ti Kàbbà pọ́ńbélé. Bí ọmọ tí kò tíì dàgbà tó bá ṣẹ̀, tó sì dé iwájú adájọ́, èmi ni n óò lọ wádìí ilé rẹ̀, tí n óò sì sọ fún kóòtù bóyá ó tún lè ṣe ẹlòmíràn léṣe. Ọ̀rọ̀ Dàre ló gbé mi jáde lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ló ń gbé ní Ẹ̀júkù. Níbi tí wọ́n ti ń pọn omi ni òun àti Bọ́dé, ọmọ àdúgbò rẹ̀, ti jà. Dàre fi ẹ̀yìn àdá lu Bọ́dé lápá, apá sì kán. Ìyá àgbà rẹ̀ ti dúró fún un, wọ́n ti jẹ́ kó máa lọ sílé ná. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Mọ́ńdè tó ń bọ̀, adájọ́ máa pinnu: kó máa gbé ilé, tàbí kí wọ́n gbé e lọ sí ilé àtúnṣe àwọn ọmọdé ní ìpínlẹ̀ mìíràn, níbi tí ìyá arúgbó yẹn kò ti ní lè bẹ̀ ẹ́ wò títí yóò fi jáde. Ohun tí mo bá kọ ni adájọ́ máa kà.

Mo sì ti kọ nǹkan kan ná. Fọ́ọ̀mù kan wà tí a fi ń díwọ̀n irú ewu bẹ́ẹ̀. Ní ọ́fíìsì mi ni mo ti fi ìwé ọlọ́pàá dáhùn ìbéèrè inú rẹ̀. Ṣé ó máa ń mú ohun ìjà dání? Bẹ́ẹ̀ ni, àdá, lójoojúmọ́. Ṣé àwọn òbí rẹ̀ pa á tì? Bẹ́ẹ̀ ni, kò gbé lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tí mo ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, "ewu ńlá" ló já sí. Mo lè fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kí n sinmi, ṣùgbọ́n n kì í kọ̀wé nípa ilé tí n kò tíì jókòó sí. Agídí mi nìyẹn, mo sì fẹ́ràn rẹ̀.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà ni Baba Ṣadé gbà dé Ìsánlú. Ọ̀nà dára títí a fi kọjá Ayétòrò, lẹ́yìn ìyẹn ni kòtò bẹ̀rẹ̀, tí Baba Ṣadé ń yà sọ́tùn-ún, ń yà sósì, bí ẹni tí kòkòrò ń lé. Ní Mopa a dúró jẹ àkàrà gbígbóná, igba náírà ọ̀kan, ó sì tóbi ju ti Kàbbà lọ. Ó dùn mí láti sọ bẹ́ẹ̀.

Baba Ṣadé wò mí nígbà tí mo ń nu ọwọ́. "Wẹ́fíà, ọmọ ta lẹ tún fẹ́ lọ gbé?"

"Baba, èmi kì í gbé ọmọ ẹnikẹ́ni. Mo máa ń lọ wò wọ́n ni."

"Olóko náà máa ń wo adìẹ kó tó pa á," ó wí, ó sì ṣíná ọkọ̀.

Ní Ìsánlú mo sọ̀kalẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ garéèjì ni mo ti rí alágbẹ̀dẹ kan tí àdá rẹ̀ wù mí. Oko iṣu mi ní Kàbbà ti di igbó, mo sì ra ọ̀kan. Kò wọ inú báàgì tán. Èèkù rẹ̀ yọ síta. Ọ̀kadà ló gbé mi lọ sí Ẹ̀júkù ní ẹgbẹ̀rún kan àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà. Lójú ọ̀nà àwọn sójà dá wa dúró. Ọ̀kan béèrè ní èdè Hausa pé, "Ina za ki?", ìyẹn ni pé níbo ni mò ń lọ. Ó tọ́ka sí èèkù àdá. Mo ní, "Gona." Oko nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí a máa lọ. Mo bá a rẹ́rìn-ín, mo sì gbàgbé ọ̀rọ̀ náà.

"Okun o!" Báyẹn ni ìyá ìyá Dàre ṣe kí mi, kí n tó sọ̀kalẹ̀ tán lórí ọ̀kadà. Yèyé ni gbogbo ilé ń pè é. Ó ń sọ Ìyàgbà, èmi ń sọ Owé, a sì gbọ́ ara wa yékéyéké. Lọ́dọ̀ tiwa, a máa ń béèrè iṣẹ́ tí àlejò bá wá kí oúnjẹ tó dé. Yèyé kò bi mí ní nǹkan kan. Ó gbé iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí síwájú mi, ó jókòó, ó ń wò mí bí mo ṣe ń jẹun. Ẹ̀rù ń bà á, mo mọ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ẹ̀rù yẹn bu oúnjẹ mi kù.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ti oko dé. Ọmọbìnrin kan tí kò ju ọdún mẹ́wàá lọ ló ṣíwájú, àdá lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn méjì tẹ̀ lé e, àdá. Dàre ló kẹ́yìn, ó ga, ó tinrin, àdá lọ́wọ́ òun náà. Mo bojú wo báàgì mi, mo rí èèkù tèmi tó yọ síta. Ojú tì mí débi pé mo fi gèlè bò ó. Èmi tí mo pe àdá ọmọ ní ohun ìjà ti gbé tèmi kọjá lọ́dọ̀ sójà!

Ṣùgbọ́n apá Bọ́dé kán lóòótọ́, n kò sì wá síbẹ̀ láti fọ Dàre mọ́. Mo pè é jókòó, mo mú fọ́ọ̀mù jáde, mo sì ka ìbéèrè náà fún un bó ṣe wà. "Ṣé òótọ́ ni pé ìyá rẹ pa ọ́ tì?"

Ojú rẹ̀ yí padà. Ọwọ́ rẹ̀ di ìkúùkù lórí orúnkún. Ó dìde, ó jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo sì gbọ́ tí ó ń bu omi sójú. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó padà jókòó.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ó wí, "ẹ má sọ ọ́ mọ́. Ọ̀rọ̀ tí Bọ́dé sọ nìyẹn. Ìyá mi ní kí n wá gbé pẹ̀lú Yèyé kí Yèyé má baà dá wà."

Ó dùn mí wọnú egungun. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà tèmi náà ni mo gbé dàgbà ní Kàbbà, èmi ni mo ń pọn omi rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó sọ pé wọ́n pa mí tì. Mo bẹ ọmọ náà. Bẹ́ẹ̀ ni, àgbàlagbà bí èmi, mo bẹ̀ ẹ́.

Yèyé ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi. "Èyí kọ́ ni àkọ́kọ́," ó wí. "Ní èṣí, ó sọ òkúta lu ọmọ kan nílé ẹ̀kọ́. Orí ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ náà ni. Ọlọ́pàá kò mọ̀."

"Yèyé, ẹ mọ̀ pé n óò kọ ọ́?"

"Kọ ọ́. Bí o kò bá mọ ibi tí òrùlé ti ń jò, ibo lo máa bò?"

Orí mi wú. Obìnrin tó lè dákẹ́ kí ọmọ rẹ̀ má baà lọ, òun ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ òtítọ́ fún mi.

Dàre mú àdá rẹ̀, ó jáde. Yèyé ní kí n tẹ̀ lé e. Ilé kẹta ló lọ, ilé Bọ́dé gan-an. Ìyá Bọ́dé ń ṣa èso ẹ̀gúsí lẹ́nu ọ̀nà, Bọ́dé sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, apá rẹ̀ nínú báńdéèjì. Dàre dọ̀bálẹ̀, ó gbé àdá sílẹ̀, ó kí Bọ́dé. Bọ́dé fi ohùn kékeré dáhùn. Ìyá Bọ́dé gbé àdá wọlé, Dàre sì yí padà.

Ìyá Bọ́dé ló wá ṣàlàyé fún mi. Lẹ́yìn ìjà náà, Yèyé wá kúnlẹ̀ fún un, wọ́n sì jọ pinnu pé àdá Dàre kò gbọdọ̀ sùn nílé Yèyé mọ́. Àràárọ̀ ni Dàre máa wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ sì máa ń fún un?"

"Mo máa ń wo ojú rẹ̀ ná, ọmọ Owé. Bí inú rẹ̀ bá ń ru, n kì í fún un. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ní kó lọ fi ọwọ́ lásán tu koríko."

"Ó bínú?"

"Ó lọ tu koríko."

Mo sùn sọ́dọ̀ Yèyé. Ní òwúrọ̀ Sátidé mo jí lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà Ìyá Bọ́dé. Dàre dé, ó dọ̀bálẹ̀, ó gbójú sókè fúnra rẹ̀ kí obìnrin náà lè rí i dáadáa. Ìyá Bọ́dé wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó wọlé, ó gbé àdá náà jáde, èèkù síwájú, ó fi lé e lọ́wọ́. Omi bọ́ lójú mi, n kò sì tijú rẹ̀. Ìyàgbà, Owé, Okun ni gbogbo wa, inú mi sì dùn pé ara wọn ni mí.

Mo dé Kàbbà lẹ́yìn ọ̀sán, eruku lórí, àdá lọ́wọ́. Mo fa ilà lé ìdáhùn àtijọ́ lórí. Mo kọ ọ̀rọ̀ òkúta inú èṣí, mo kọ ọ̀rọ̀ tó máa ń ru ọmọ náà sókè, mo kọ omi tó bù sójú, mo sì kọ ilé tí àdá rẹ̀ ń sùn. Ohun tí ìrìn àjò yìí kọ́ mi ni pé a kì í ti inú ọ́fíìsì wo ojú ọmọ. Nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀ ìwé, níbi tí wọ́n ti ń béèrè orúkọ ẹni tó ṣe àyẹ̀wò, mo kọ orúkọ Ìyá Bọ́dé, mo sì kọ tèmi sábẹ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè adájọ́ kà á, ó dúró lórí orúkọ àkọ́kọ́. "Ta ni òṣìṣẹ́ yìí? Níbo ló ti kọ́ṣẹ́?"

"Ẹ̀júkù ni, Olúwa mi," mo wí. "Òun ni ìyá ọmọ tí apá rẹ̀ kán."

Adájọ́ tún ìwé náà kà. Lẹ́yìn náà ó mú gègé, ó kọ ọ́ sínú ìdájọ́ rẹ̀ pé kí Dàre máa gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀, kí àdá sì máa sùn níbi tó ń sùn.